Mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì, iná sáfíìsì ò kú: ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí àti ìdáhùn ẹ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń dé bá mi ṣáá. Ẹni yìí á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sáfíìsì ọkọ̀ tán, ọ́ìlì tuntun ti wọlé, òun wá sítáàtì ọkọ̀, iná tó ní kí òun lọ ṣe sáfíìsì ṣì ń wo òun lójú kòrókòró. Ẹlòmíì á ní mẹkáníìkì ti pa iná náà fún òun, àmọ́ òun ò mọ̀ bóyá ó ṣe iṣẹ́ kankan lábẹ́ ọkọ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, kí kálukú mú èyí tó kàn án. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ ráyè ka gbogbo ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ iná pupa, torí ìyẹn lè gba ẹ́ńjìnnì yín là.

Kí tiẹ̀ ni iná yìí, kí ló wà fún?

Iná tó ń ránni létí ni. Yẹ́lò ló sábà máa ń jẹ́. Ní Toyota ó máa ń kọ MAINT REQD, ní Honda ó máa ń gbé àwòrán sípánà kékeré jáde, Chevrolet á kọ CHANGE ENGINE OIL, àwọn Volkswagen kan á kọ OIL tàbí INSP. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé ọjọ́ sáfíìsì ti pé. Kì í ṣe pé nǹkan kan ti bàjẹ́ o.

Ṣé iná yìí ló mọ̀ pé ọ́ìlì mi ti dọ̀tí?

Rárá o, ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yìí ò rí ọ́ìlì yín rárá, ìrìn ọkọ̀ ló ń kà. Ẹ mú Toyota tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tó bá ti rìn tó nǹkan bíi 4,500 máìlì látìgbà tí wọ́n ti rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (dá ìṣirò ẹ̀ padà sí òdo) kẹ́yìn, ìyẹn bíi 7,200 kìlómítà, tẹ́ ẹ bá ti sítáàtì iná náà á ṣẹ́jú fún ìgbà díẹ̀, á sì kú fúnra ẹ̀. Tó bá wá pé 5,000 máìlì, bíi 8,000 kìlómítà, á tàn, kò sì ní kú mọ́. Ìṣirò lásán ni. Ẹ lè da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ̀ lánàá, tí ìṣirò bá pé lónìí á tàn. Ẹ lè má pààrọ̀ ọ́ìlì fọ́dún méjì, tẹ́nì kan bá ṣáà ń rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kò ní tàn.

Ti Honda àti ti Chevrolet jinlẹ̀ díẹ̀ jùyẹn lọ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí, bó ṣe ń gbóná sí, àti irú ìrìn tẹ́ ẹ ń rìn, á wá fi ìyẹn ṣírò ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú ayé ọ́ìlì náà. Ó dáa, ó sì wúlò, àmọ́ òun náà ìṣirò ni. Kò ti ọwọ́ bọ inú ọ́ìlì wò.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín. Ọkọ̀ tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí méjì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, éésì ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń yí, ó ń gbóná, àmọ́ mítà tó ń ka ìrìn ò kúrò ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Fún iná tó ń ka ìrìn, kìlómítà mẹ́ta péré lẹ rìn. Fún ọ́ìlì, wákàtí méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mánúà ọkọ̀ fi máa ń ya ìlò tó le sọ́tọ̀, bíi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, eruku púpọ̀, ooru, ẹrù wúwo, ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì ò ti ráyè gbóná, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má dúró dé iye tó wà fún ìlò gbẹ̀fẹ́. Tẹ́ ẹ bá wà nínú àwọn wọ̀nyẹn, iná yẹn á pẹ́ jù fún yín kó tó tàn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iná sáfíìsì ni, kì í ṣe iná míì?

Ẹ dúró síbí dáadáa. Iná mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń kó pọ̀ mọ́ra, ọ̀rọ̀ wọn ò sì jọra rárá.

Àkọ́kọ́ ni iná sáfíìsì tá à ń sọ yìí. Ẹ lè wakọ̀ délé, ẹ lè wakọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kó ṣáà má di oṣù mẹ́ta.

Ìkejì ni check engine, èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, yẹ́lò lòun náà. Ìyẹn ń sọ pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti rí àṣìṣe, ó sì ti kọ kóòdù ẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun kékeré bíi ìdérí táǹkì epo tí ò dé dáadáa, ó sì lè jẹ́ ohun ńlá. Tó bá ń ṣẹ́jú, pàápàá tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí asẹlẹ́rétọ̀ kẹ́ ẹ sì wá ibi páàkì, torí ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé epo ń jáde láì jóná, tó bá dé inú kátálístì ibi èéfín, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́, á sun ún bàjẹ́. Rìsẹ́ẹ̀tì sáfíìsì ò lè pa iná yìí, pípa kóòdù check engine náà ò sì lè pa iná sáfíìsì.

Ìkẹta ni pupa, àwòrán ike ọ́ìlì kékeré tí nǹkan ń kán ní ẹnu ẹ̀. Iná pupa yìí kì í ránni létí nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀. Irin ti fẹ́ máa fi ara lọ irin. Tó bá tàn nígbà tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lọ́wọ́, ẹ má ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé oríta tó wà níwájú, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ wo gééjì ọ́ìlì, irin tẹ́ ẹ máa ń fà yọ lára ẹ́ńjìnnì láti wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Kódà tí ọ́ìlì bá pé, ẹ má tún un sítáàtì, torí ó lè jẹ́ pọ́ǹpù ló ti kú, ẹ pe ẹni tó máa wọ́ ọ. Mo mọ ẹni tó rò pé iná sáfíìsì ni, ó ní òun á ṣe é ní Sátidé. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò dé Sátidé.

Mo ti ṣe sáfíìsì, kí ló dé tí iná náà ò kú fúnra ẹ̀?

Torí kò mọ̀ pé ẹ ti ṣe é. Kò sí ohun tó lọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, pé ọ́ìlì dúdú ti dà jáde, pé fílítà tuntun ti wọlé. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un, sísọ fún un yẹn là ń pè ní rìsẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì míì á ṣe iṣẹ́ tó dáa gan-an, á wá gbàgbé ti iná. Ẹ má tìtorí ìyẹn pè é ní olè.

Toyota ni tèmi, báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Fún Corolla, Camry àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí bọ́tìnnì kékeré yọ jáde lára dáṣíbọ́ọ̀dù, bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń yí ODO (gbogbo ìrìn ọkọ̀) àti TRIP (ìrìn tẹ́ ẹ ń kà lọ́tọ̀) títí tí TRIP A á fi jáde, àwọn ọdún míì ODO ni wọ́n fẹ́, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan ṣe tí kò ṣiṣẹ́ ẹ fi ìkejì ṣe, kò sí ewu. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà, kí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú pátá. Ní báyìí ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ o, ọwọ́ yín ṣì wà lórí ẹ̀ lẹ ó fi ọwọ́ kejì yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Iná MAINT REQD á máa ṣẹ́jú, ibi tí nọ́ńbà ìrìn ọkọ̀ wà á wá di ìlà kéékèèké, nínú àwọn kan ìlà náà á máa pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa ń gba bíi sẹ́kọ́ńdù mélòó kan, lẹ́yìn náà òdo á tò jáde, iná á kú. Ìgbà yẹn lẹ tó lè gbé ọwọ́ kúrò.

Òdo tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ má jáyà. Obìnrin kan ti figbe ta rí pé òun ti pa ìrìn ọkọ̀ òun rẹ́. Ìrìn ọkọ̀ yín ò lọ síbì kankan, òdo ti ìṣirò sáfíìsì lẹ rí, gbogbo kìlómítà yín á padà jáde lójú kan náà.

Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń sítáàtì tèmi, kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà kan náà ni. Tẹ́ ò bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì sítáàtì lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù á wá láì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì dìde, ìyẹn ni ON. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé wọ́n ti mọ́ra láti fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì á sì sítáàtì, rìsẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn pátápátá, kódà ẹ yọ bàtà tó bá wuwo. Àwọn Toyota tuntun tó ní skírìnì ńlá láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, inú settings lẹ ó ti rí i, lábẹ́ maintenance.

Honda mi ń kọ A1, kí nìyẹn?

Inú mi máa ń dùn sí ti Honda torí ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà A túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. B túmọ̀ sí ọ́ìlì pẹ̀lú fílítà, kẹ́ ẹ sì yẹ bíréèkì àtàwọn nǹkan míì wò. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni àfikún iṣẹ́: 1 ni kẹ́ ẹ pa ipò taya dà, 2 ni fílítà afẹ́fẹ́ àti fílítà éésì, 3 ni ọ́ìlì jíà, 4 ni púlọ́ọ̀gì, 5 ni omi rédíétọ̀, 6 ni ọ́ìlì dífrẹ́ńṣíà tẹ̀yìn. Èyí tó bá wà lára ọkọ̀ yín nìkan lẹ ó rí. Sípánà yẹn máa ń tàn tí ọ́ìlì bá ku ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ ṣì ní àkókò, ẹ má sáré lọ lóru. Tó bá dé òdo tẹ́ ò dáhùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tẹ́ ẹ ti fi rékọjá.

Kẹ́ ẹ tó rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ ya fọ́tò kóòdù náà, torí tó bá ti lọ ó ti lọ, ọ̀pọ̀ ni wọ́n rìsẹ́ẹ̀tì B13 tán tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì nìkan, jíà ò rí ọ́ìlì tuntun. Nínú àwọn tó ní bọ́tìnnì SEL/RESET, ẹ fi ọkọ̀ sí ON, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà títí tí ìdá ọ́ìlì á fi jáde, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi sẹ́kọ́ńdù 10 kó máa ṣẹ́jú, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju sẹ́kọ́ńdù 5 lọ, á padà sí 100. Àwọn tuntun, orí sítíárì ni bọ́tìnnì ẹ̀ wà.

Chevrolet, Ford, Hyundai, Nissan àtàwọn yòókù ńkọ́?

Chevrolet àtàwọn ẹbí ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ fi sí ON láì sítáàtì, kẹ́ ẹ tẹ asẹlẹ́rétọ̀ dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín sẹ́kọ́ńdù 5. Ó dà bí eré, òótọ́ ni. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá tún jáde nígbà tẹ́ ẹ sítáàtì, ẹ tún un ṣe.

Ford, inú ménù lẹ ó ti rí i nínú àwọn kan, àwọn míì ẹ ó tẹ asẹlẹ́rétọ̀ àti bíréèkì pọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó wà ní ON títí tó fi máa kọ ọ́ jáde pé ó ti ṣe é. Hyundai àti Kia, ẹ wọ user settings, ẹ wá service interval, ẹ tẹ reset. Nissan náà, inú settings lábẹ́ maintenance. Volkswagen tó ní bọ́tìnnì 0.0, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kú, ẹ fi sí ON, ìyókù yàtọ̀ láti ọdún sí ọdún, mánúà yín ló mọ̀ ọ́n jù.

BMW, wọ́n ka gbogbo nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ́ìlì lọ́tọ̀, páàdì bíréèkì iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, omi bíréèkì lọ́tọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó rìsẹ́ẹ̀tì. Ti páàdì, tí sẹ́ńsọ̀ tó wà lára ẹ̀ bá ti jẹ, ẹ gbọ́dọ̀ fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i kó tó gbà, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí kò jẹ́ kéèyàn parọ́ fún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ṣe é, kò kú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ò ju mélòó kan lọ. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì kó tó parí, sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá máa ń gùn tọ́wọ́ bá ń dunni, ẹ fi fóònù ka àkókò. Tàbí ẹ́ńjìnnì ti dìde. Tàbí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, nínú àwọn ọkọ̀ kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn á gba ojú skírìnì tẹ́ ẹ nílò. Tàbí TRIP B ló wà lójú ẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá tún kọ̀, ẹ padà wo àwòrán iná náà dáadáa, ó lè má jẹ́ iná sáfíìsì lẹ ń bá jà látàárọ̀.

Ẹnì kan ní kí n yọ bátìrì, á kú.

Ẹ má yọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìṣirò yẹn wà nínú ìrántí tí kò nílò iná bátìrì kó tó dúró, tẹ́ ẹ bá dá bátìrì padà ẹ ó bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ohun tó máa lọ ni aago yín, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tẹ́ ẹ ti tò, rédíò míì á ní kẹ́ ẹ fún òun ní kóòdù, gíláàsì tó ń lọ sókè fúnra ẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n ṣe mọ́, ẹ́ńjìnnì náà lè má dúró dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Wàhálà ọ̀fẹ́.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra síkánà?

Fún iná sáfíìsì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò nílò ẹ̀. Ihò tó ní ẹsẹ̀ 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ti wà lára gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, ibẹ̀ ni síkánà ń wọ̀. Àmọ́ síkánà kékeré tó ń ka kóòdù check engine, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè kan ìṣirò sáfíìsì rárá. Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan ló máa ń béèrè síkánà tó gbọ́ èdè ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ka mánúà.

Tí mo bá kàn pa iná yìí láì pààrọ̀ ọ́ìlì ńkọ́?

Ọkọ̀ á gbà fún yín. Kò ní jà, kò ní pariwo, òun ló burú níbẹ̀.

Ọ́ìlì tó ti pẹ́, ooru ti se é jù, àwọn oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn láti máa fọ ìdọ̀tí àti láti máa gba irin lọ́wọ́ ìjẹra ti tán. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, á di bí ẹrẹ̀ dúdú lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, á dí àwọn ojú ihò tóóró tó ń gbà kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti rìsẹ́ẹ̀tì, ẹ ti sọ fún ọkọ̀ pé ọ́ìlì tuntun ló wà nínú ẹ̀, kò sì ní rán yín létí mọ́ fún 8,000 kìlómítà míì.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì kan láàárọ̀, mo padà dé nírọ̀lẹ́, iná ti kú, mo sanwó, mo dúpẹ́. Ọjọ́ kẹta mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì torí mo fẹ́ bu omi sí ti wáípà, mo kàn ní kí n fa gééjì ọ́ìlì yọ. Mo fi tíṣù funfun nù ún. Tíṣù dúdú kirikiri, ó ń rùn bí nǹkan tó jóná. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí abẹ́ ọkọ̀, mo rí fílítà: eruku tó dì mọ́ ọn lára ṣì wà bó ṣe wà, kò sí ojú ìka èèyàn kan ṣoṣo níbẹ̀, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ náà gbẹ, ẹrẹ̀ ti gan mọ́ etí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Iná nìkan ni wọ́n pa. Ó dùn mí ju owó yẹn lọ, torí mo fi ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gba iṣẹ́ tó yẹ kí n fi ojú ara mi wò.

Látìgbà náà mo máa ń fi máákà kọ déètì sí ara fílítà tuntun kí wọ́n tó gbé e wọlé, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa iná yẹn, èmi ni mo máa pa á.

Kí ni kí n wò kí n tó rìsẹ́ẹ̀tì?

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ nù ún mọ́, ẹ tì í bọ ibẹ̀ pátápátá, ẹ tún fà á yọ, ìgbà kejì yìí lẹ tó kà. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì, kó súnmọ́ ti òkè. Ọ́ìlì tuntun nínú ọkọ̀ epo máa ń mọ́, ẹ ó máa rí irin gééjì gba inú ẹ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ wo inú oyin. Ti dísù kì í rí bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì dísù máa ń dúdú láàárín àkókò díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti wà á, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ nìkan dá mẹkáníìkì dísù lẹ́bi.

Tó bá kọjá àmì òkè, ẹ ní kí wọ́n fà á kúrò. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú kó hó bí ọṣẹ, ọ́ìlì tó sì hó kì í bo irin dáadáa. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ́ìlì ọkọ̀ dísù yín ń ga sí i láì jẹ́ pé ẹ bù ú, epo dísù ló ń ṣàn wọ inú ẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní fílítà èéfín tí ìrìn wọn kúrú, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ sítáàtì ẹ̀ kó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún wo abẹ́ ẹ̀. Tí nǹkan kan ò bá kán, ẹ padà wọlé lọ rìsẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ò ní gééjì tẹ́ ẹ lè fà mọ́, ojú skírìnì ni wọ́n ti ń wo ọ́ìlì, ẹ wò ó níbẹ̀.

Mo pààrọ̀ ọ́ìlì kí iná tó tàn, ṣé kí n ṣì rìsẹ́ẹ̀tì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ ní 4,000 máìlì tẹ́ ò rìsẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn 1,000 máìlì péré iná á tàn, ẹ ó wá máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ọ́ìlì synthetic ni mo ń lò, wọ́n ní ó ń rìn jìnnà, kí ló dé tí iná ń tàn ní 5,000?

Torí kì í ṣe ọ́ìlì nìkan ni iná yẹn wà fún. Àwọn Toyota tó ń lo 0W-20 synthetic (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), ilé iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbà kẹ́ ẹ lo ọ́ìlì dé 10,000 máìlì tàbí oṣù 12, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, fún ìlò tí kò le. Síbẹ̀ iná á tàn ní 5,000 kẹ́ ẹ lè pa ipò taya dà, kẹ́ ẹ wo bíréèkì, kẹ́ ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Ẹ ṣe ìwọ̀nyẹn, ẹ rìsẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ọkọ̀ mi kì í rìn, ó máa ń wà nílé.

Ẹ fi kàlẹ́ńdà ṣe é, ẹ má fi iná ṣe é. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọkọ̀ tó ń rìn kìlómítà kan lọ kìlómítà kan bọ̀, omi tó ń dì nínú ẹ́ńjìnnì ò rí ooru tó máa lé e jáde, epo díẹ̀ náà á pò mọ́ ọ́ìlì, ó máa ń ba ọ́ìlì jẹ́ ju ìrìn ọ̀nà jíjìn lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àlòkù, kò sí iná kankan tó tàn.

Ẹni tó tà á fún yín lè ti rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá wò ó. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà fúnra yín, ẹ rìsẹ́ẹ̀tì, kí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tún wo bóyá iná check engine máa ń tàn díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi sí ON, ó yẹ kó tàn kó tó kú, tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti yọ gílóòbù ẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ńkọ́?

Kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ó ní taya, omi bíréèkì, fílítà éésì. Àwọn kan ṣì ń ránni létí, inú ménù lẹ ó ti rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Lẹ́yìn tí iná ti kú, kí ló kù?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìṣirò inú ọkọ̀ lè ṣìnà, ẹlòmíì sì lè tẹ̀ ẹ́ láì sọ fún yín. Déètì, iye tí ọkọ̀ ti rìn, irú ọ́ìlì, fílítà, àti iye tẹ́ ẹ ó tún padà wá. Mo lẹ tèmi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, níbi tójú mi máa ń bà lé nígbàkígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni 112,400, 5W-30, fílítà tuntun, 120,400.